Ṣé kẹ̀kẹ́ oníná 1000 wáàtì tó ní bọ́tìnnì tó ń dín eré kù bófin mu?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Awakẹ̀kẹ́ Tuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà mi. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń gbé, mo sì fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ oníná tí n ó máa gùn lọ síbi iṣẹ́. Mo rí ọ̀kan tí agbára ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ 1000 wáàtì, tí ó ní ọwọ́ tí a ń yí bíi ti alùpùpù. Ẹni tó ń tà á ní bí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì kan, eré rẹ̀ kò ní kọjá kìlómítà 25 ní wákàtí kan, ọlọ́pàá kò sì ní rí ẹ̀sùn kà sí mi lẹ́sẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí mo gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀?

Àgbà Kẹ̀kẹ́
Kì í ṣe òótọ́. Kì í ṣe eré tí ẹ sá lọ́jọ́ tí wọ́n dá yín dúró nìkan ni òfin ń wò, irú ẹ̀rọ tó wà lára kẹ̀kẹ́ náà ni ó kọ́kọ́ ń béèrè. Kí wọ́n tó lè kà á sí kẹ̀kẹ́ lásán tí ẹni tó ti pé ọdún 14 lè gùn láìgba ìwé kankan, agbára tí ẹ̀rọ náà lè mú wá láìdáwọ́dúró kò gbọdọ̀ ju 250 wáàtì lọ, a gbọ́dọ̀ lè fi ẹsẹ̀ wà á, ẹ̀rọ náà kò sì gbọdọ̀ ràn yín lọ́wọ́ mọ́ bí eré bá ti kọjá máìlì 15.5 (bíi kìlómítà 25) ní wákàtí kan.

Èyí tó bá ré kọjá ibẹ̀, alùpùpù ni lójú òfin: ẹ ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, yóò ní nọ́ńbà, ẹ ó dé akoto, ẹ ó sì ní ìwé adójútòfò. Ibi adójútòfò yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti takókó, nítorí pé kẹ̀kẹ́ tí wọn kò ṣe ní ìlànà alùpùpù kì í sábà ṣeé forúkọ sílẹ̀, ó sì ṣòro láti rí adójútòfò gbà fún un. Ìtanràn ẹni tó wakọ̀ láìní adójútòfò sábà máa ń jẹ́ £300 pẹ̀lú àmì ẹ̀ṣẹ̀ 6 lórí ìwé àṣẹ, ọlọ́pàá sì lè gba kẹ̀kẹ́ náà lójú ẹsẹ̀ lábẹ́ abala 165A òfin ìrìnnà ọdún 1988. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ni ó sì lè dùn jù, torí pé àmì 6 láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́ ń gba ìwé àṣẹ náà kúrò lọ́wọ́ ènìyàn, títí kan ti mọ́tò.

Ìyá Ẹlẹ́rọ
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé kí àbúrò fara balẹ̀ wo nọ́ńbà inú ìpolówó. Àwọn mìíràn ń kọ agbára tí ẹ̀rọ lè ní fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bí ó bá ń gun òkè, ẹ̀rọ 250 wáàtì tó bófin mu sì lè kọjá ìlọ́po méjì ìyẹn fún ìgbà díẹ̀. Ti 1000 yìí, pẹ̀lú bọ́tìnnì, kò jọ bẹ́ẹ̀ lójú mi. Bákan náà, Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìpolówó wọ̀nyí wà fún, níbi tí òfin ìjọba àpapọ̀ ti gba ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kò tó 750 wáàtì láti ọdún 2002.

Ọlọ́rọ̀ Ẹnu Ọ̀nà
Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹni tó rà á ni ìyà ń jẹ, nígbà tí ẹni tó tà á kàn kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé orí ilẹ̀ aládàáni nìkan ni kí wọ́n ti máa gùn ún. Ní ọdún 2024 ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì béèrè èrò ará ìlú nípa gbígbé 250 wáàtì lọ sí 500, ṣùgbọ́n 250 náà ló ṣì wà.

Awakẹ̀kẹ́ Tuntun
Mo dúpẹ́ o. Tí mo bá wá rí èyí tó jẹ́ 250 wáàtì ṣùgbọ́n tó ní ọwọ́ yíyí ńkọ́?

Àgbà Kẹ̀kẹ́
Bí ọwọ́ náà bá lè gbé e kọjá kìlómítà 6 ní wákàtí kan láìfẹsẹ̀wà, tí wọ́n sì ṣe é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2016, ó gbọ́dọ̀ ti gba ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò irú ọkọ̀ (type approval) kí ó tó dé ojú títì. Ẹ ní kí òǹtajà fi àwòrán àmì ara kẹ̀kẹ́ ránṣẹ́: agbára ẹ̀rọ tàbí orúkọ ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú fólítì bátìrì tàbí eré tó pọ̀ jù. Bí kò bá rí i fi ránṣẹ́, ẹ má sanwó.