Wọ́n gba kíláàsì ọ̀dọ́ lọ́wọ́ mi torí bọ́ọ̀lù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, inú ń bí mi débi pé mi ò tíì jẹun láti àárọ̀. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mi ò gba kọ́bọ̀, jẹ́sì tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé owó mi ni mo fi rà á, mẹ́rìnlá, nọ́ḿbà méje ya lápá, èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi rán an. Lálẹ́ àná, bí Super Eagles ṣe na South Africa tán báyìí ní semi-final ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, pásítọ̀ pè mí, kò tiẹ̀ kí mi kú oríire, ó ní kí n gbé kíláàsì sílẹ̀, bọ́ọ̀lù ti di òrìṣà mi. Òrìṣà! Èmi! Díákónì kan wà tó máa ń hanrun tí wọ́n bá ti ń wàásù, ẹnikẹ́ni ò gbapò lọ́wọ́ tiẹ̀. Ìyàwó mi náà ò gbè mí. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ni? Ṣé kí n kúrò ńbẹ̀?

Màmá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ọkọ tèmi náà nìyẹn, ọjọ́ tí mo ń rọbí àwọn ìbejì, Chelsea ló ń wò. Ẹ máa gbàdúrà.

Ọmọ Ìbàdàn: Ẹ kúrò ńbẹ̀ jàre. Ṣé Pọ́ọ̀lù ò sọ̀rọ̀ eré ìje ni? 1 Kọ́ríńtì 9, ó tún fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn kún un, torí ìtòsí Kọ́ríńtì ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje lọ́dún méjì méjì, ohun tí wọ́n mọ̀ ló fi bá wọn sọ̀rọ̀.

Bàbá Alàgbà: Ẹ má ti èèyàn lulẹ̀. Ọjọ́rú làná, ọjọ́ Bible study, aago mẹ́fà sì ni bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Arákùnrin, ibo lẹ wà?

Ẹni tó béèrè: Viewing centre ni mo wà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ohun tí bọ́ọ̀lù ṣe fún mi sà. Òun ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Jésù. Ní 2011 ẹnì kan gbá mi lẹ́sẹ̀ lórí pápá, egungun ojúgun mi ṣẹ́, mo búra pé màá gbẹ̀san. Ọkùnrin yẹn gbé oúnjẹ wá fún mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, á jókòó sórí àpótí lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì mi, á ka Sáàmù kan, á lọ. Kò wàásù. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fáwọn ọmọ pé tẹ́ ẹ bá gbá èèyàn ṣubú, ẹ kọ́kọ́ fà á dìde ná, kẹ́ ẹ tó máa bá rẹfirí jà.

Sisí Kọ́yà: Omijé bọ́ lójú mi o.

Bọ̀dá Tíṣà: Eric Liddell, ọmọ Scotland, kọ̀ láti sá 100 mítà ní Òlíḿpíìkì Paris ní 1924 torí pé ọjọ́ Sunday ni wọ́n máa kọ́kọ́ sá a. 400 mítà ló sá, 47.6 ìṣẹ́jú-àáyá, ó gba góòlù. Ó padà lọ ṣe míṣọ́nnárì ní Ṣáínà, ibẹ̀ ló kú sí ní 1945. Ẹni tó fẹ́ràn eré nìyẹn.

Ọmọ Ìbàdàn: Tíṣà, Sunday nìyẹn, Wednesday lèyí.

Sisí Kọ́yà: Liddell ti sọ fún wọn ní oṣù mélòó kan ṣáájú, kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ sọ fún pásítọ̀?

Ẹni tó béèrè: Mo fẹ́ fi mẹ́sééjì ránṣẹ́, dátà ti tán. Ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́, kọ́kọ́rọ́ ilé jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lápò mi. Mo ní tó bá di háfútaìmù màá sáré gbé e lọ, ilẹ̀ ò ní tíì ṣú, ṣùgbọ́n téèyàn bá dìde ńbẹ̀ ó ti pàdánù bẹ́ǹṣì nìyẹn. Osimhen gbá a wọlé, VAR, àwọn tó ń fi fídíò yẹ̀ ẹ́ wò, ní kò jẹ́, wọ́n tún lọ fún South Africa ní pẹnárítì, ó di extra time, ó tún di ká máa gbá pẹnárítì, kí Nwabali, gólì wa, tó mú méjì ńkọ́.

Màmá Ìbejì: Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ jẹ́ń lọ wo bọ́ọ̀lù!! Inú òkùnkùn ni wọ́n wà?

Ẹni tó béèrè: Tọ́ọ̀ṣì fóònù ni wọ́n fi ka Bíbélì. Ohun tó dùn mí jù ni pé pásítọ̀ yìí gan-an ló ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀ nígbà yẹn. Kò tíì di pásítọ̀.

Bàbá Alàgbà: Ẹni tó ka Sáàmù fún yín lọ́sẹ̀ mẹ́jọ?

Ẹni tó béèrè: Òun ni sà. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ Sunday ni fáínà, ìsìn á ti parí. Mo ń rò ó pé kí n pè é ká jọ wò ó.

Ọmọ Ìbàdàn: Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?

Ẹni tó béèrè: Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.