Kí la ó pe "federation": àpapọ̀ ni tàbí àáró?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ka lẹ́tà ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá "ayélujára àpapọ̀" fún "federated network", ìyẹn àwọn ìkànnì bíi Mastodon, níbi tí ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ kan ti lè bá ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀. Wọ́n tún ní kí á máa pe "web standard", ìyẹn ìwé tó ń sọ bí ẹ̀rọ yóò ṣe máa gbọ́ ara wọn yé, ní "òfin ayélujára". Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Bí Yorùbá bá gbọ́ "àpapọ̀" lónìí, Ìjọba Àpapọ̀ ló ń wá sí i lọ́kàn: Abuja, níbi tí àṣẹ ti ń wá. Ohun tí à ń wí yìí kò ní Abuja. Eugen Rochko tó bẹ̀rẹ̀ Mastodon ní Jámánì ní 2016 kò lè pàṣẹ fún ẹni tó gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ kalẹ̀ ní Ìlọrin pé kó lé ẹnì kan jáde. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni ìlànà kan tó ń jẹ́ ActivityPub, tí W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ayélujára, fọwọ́ sí ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 2018. Ó ń sọ bí ẹ óò ṣe di ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kọ lọ́dọ̀ yín, kí ẹ tó gbé e ránṣẹ́ sí àpótí ẹni tó ń tẹ̀lé e lọ́dọ̀ wa. Bí a bá sọ ọ́ ní àpapọ̀, ọmọ tó bá wọlé síbẹ̀ yóò máa wá olórí tí yóò fẹjọ́ sùn. Kò ní rí i, yóò sì rò pé ibẹ̀ kò létò. Bẹ́ẹ̀ ètò wà. Ọwọ́ onílé, ìyẹn ẹni tó ni ẹ̀rọ tó dé sí, ló wà.

Ní ti "òfin", W3C tí Tim Berners-Lee dá sílẹ̀ ní 1994 kò ní ọlọ́pàá. Àwọn fúnra wọn, "Recommendation" ni wọ́n ń pe ìwé tí wọ́n bá fọwọ́ sí. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tí yóò mú un, àfi pé yóò máa dá sọ̀rọ̀. "Ìlànà àjọgbà" ni mo fara mọ́.

Nígbà tí àbúrò wa ní London wá mú "àáró" wá, orí mi wú. Nínú àáró, oko kálukú tirẹ̀ ni. Lónìí a wà lóko tèmi, lọ́la a wà lóko tìrẹ, kò sí ọba tó rán wa. Ẹni tí kì í lọ sóko ẹlòmíràn, wọn kò ní wá sí tirẹ̀. Ìyá wa kan ní wọ́n máa ń ka ọjọ́ nínú àáró, àti pé kọ̀ǹpútà kì í ka ọjọ́ fún ara wọn. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá tìtorí ìyẹn gbé e lọ sí "ọ̀wẹ̀", ẹnì kan ṣoṣo ló ń bẹ ọ̀wẹ̀, oko ẹni náà nìkan la sì ń lọ. Àáró ṣì sún mọ́ ọn jù.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni àmì ohùn. Ẹni tó bá kọ "aaro" lásán lè máa wí nípa àárọ̀, tàbí ààrò tí a fi ń dáná, tàbí àárò tó ń sọni. Nítorí náà "aláàáró" ni kí á máa lò: "ìkànnì aláàáró".

Ọ̀rọ̀ yìí tún ràn wá lọ́wọ́ láti rí ewu tó wà níwájú. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí olóko ńlá tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ bá wọ àáró àwọn olóko kéékèèké? Google Talk, ètò ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ ti Google, ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ẹ̀rọ mìíràn ní 2006 nípa XMPP, ìlànà àjọgbà kan fún ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́. Nígbà tí Hangouts tí Google fi rọ́pò rẹ̀ dé ní 2013, wọ́n pa ilẹ̀kùn náà dé. Threads, ìkànnì ti Meta tó ni Facebook, náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ActivityPub, àwọn onílé kéékèèké kan sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kó tó dé rárá. Èmi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó o lè jáde nínú àáró lọ́jọ́ tó bá wù ú, kí oko rẹ̀ má hu koríko.

Fún "instance", ìyẹn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí àwọn ènìyàn dé sí, mo fara mọ́ "agboolé" ju "ẹ̀rọ olùpèsè" lọ. Àdírẹ́sì níbẹ̀ ní apá méjì, orúkọ ẹni àti orúkọ ilé, bí a ṣe ń béèrè pé ọmọ agboolé wo ni ọ́. Bí o bá kó kúrò ní agboolé kan lórí Mastodon, àwọn tó ń tẹ̀lé ọ lè bá ọ lọ, ṣùgbọ́n ohun tí o ti kọ yóò kù sílé àkọ́kọ́. Ó yẹ kí ọmọ wa mọ èyí kó tó yan ilé tí yóò dé sí.

Ó ku "defederation", kí agboolé kan ṣíwọ́ bíbá òmíràn ṣe. Ẹnì kan ní "ìyapa", ṣùgbọ́n ìyapa jọ ìjà, bẹ́ẹ̀ ẹlòmíràn kàn ń dáàbò bo àwọn ará ilé rẹ̀ ni. Bí olóko bá kúrò láàárín ẹgbẹ́, a máa ń ní ó yọwọ́. "Ìyọwọ́" ni mo mú wá.