Màmá mi fẹ́ kírun ní Jama Masjid ní Delhi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o. Inú oṣù Kẹwàá yìí ni èmi àti màmá mi máa rìnrìn àjò láti Ìbàdàn lọ sí Delhi, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún fún wọn. Àwa méjèèjì kò dé Íńdíà rí. Ọjọ́ Àìkú ni a ó gúnlẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ní kí á wá sí ilé ìwòsàn, nítorí náà ọjọ́ Ajé nìkan ló ṣófo fún wa. Láti ìgbà tí Màmá ti gbọ́ orúkọ Delhi ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ kírun ní Jama Masjid, mọ́sálásí ńlá tí ọba Shah Jahan kọ́, kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kan àwọn lára. Èmi náà sì fẹ́ kí á wọ Red Fort, ààfin àwọn ọba Mughal tó jẹ ní Íńdíà láyé àtijọ́, tó wà nítòsí ibẹ̀. Ọ̀pá ni Màmá fi ń rìn, èrò inú ìlú náà sì ń bà mí lẹ́rù. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kàwé ní Delhi:
Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Wọn kì í ṣí Red Fort lọ́jọ́ Ajé, nítorí náà ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ètò yín. Ẹ lè wo ògiri pupa rẹ̀ láti òde, ó ga, ó sì lẹ́wà. Jama Masjid, tí wọ́n parí ní 1656, ni kí ẹ gbájú mọ́. Orí ilẹ̀ gíga ni wọ́n kọ́ ọ sí, àtẹ̀gùn tó lé ní 30 ló sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí Màmá máa gùn ún díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa jókòó sinmi bí àwọn ará ìlú ti ń ṣe. A máa ń bọ́ bàtà kí á tó wọ àgbàlá. Òkúta ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń gbóná lọ́sàn-án débi pé mo ti rí àgbàlagbà tó ń sáré láti orí ẹní kan bọ́ sórí òmíràn. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn dání, kí ẹ sì lọ fún ìrun Alásárì dípò ìrun ọ̀sán.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó mú bàbá rẹ̀ lọ gba ìtọ́jú:
Ẹ má wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ síbẹ̀. Èyí tí èmi àti bàbá mi wọ̀, awakọ̀ rẹ̀ ní wọ́n ti ti mọ́sálásí, ó wá gbé wa lọ sí ìsọ̀ kápẹ́ẹ̀tì kan, níbi tí wọ́n ti dá wa dúró fún odidi wákàtí kan. Irọ́ ni, wọn kò ti ibì kankan. Inú bí mi gan-an, nítorí pé ó ti rẹ bàbá mi tẹnutẹnu kí á tó débẹ̀. Mẹ́tírò ni kí ẹ wọ̀. Ibùdókọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Jama Masjid, ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀, àwọn obìnrin nìkan ni wọ́n sì ya kọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ fún.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan:
Ṣé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú? Bí ẹ kò bá ní káàdì yẹ́lò, ìyẹn ẹ̀rí pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ náà, wọ́n lè sé yín mọ́ ibì kan ní Íńdíà fún ọjọ́ 6. Ó kéré tán, ọjọ́ 10 ló gbọ́dọ̀ wà láàárín abẹ́rẹ́ náà àti ìrìn àjò yín. Nítorí ọjọ́ orí Màmá, dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó gbà á. Ẹ tún bi oníṣẹ́ abẹ wọn bóyá wọ́n lè rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ abẹ ti kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Oúnjẹ ojú pópó ibẹ̀ máa ń ta sánsán, àmọ́ ẹ má jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà, omi inú ike tí wọ́n kò tíì ṣí ni kí ẹ mu.

Ìdáhùn ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún Màmá, wọ́n ní àwọn kò bá ti Red Fort wá. Èmi ti ní káàdì yẹ́lò, Màmá ni kò tíì ní. Ọ̀la ni a ó lọ rí dókítà, nítorí pé ọjọ́ 15 péré ló kù kí á wọ bàálù.