Fáànù wo ló dáa fún ṣọ́ọ̀bù onípáànù?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọ̀sán o. Òṣogbo ni mo wà, gáréèjì tó dá dúró lẹ́yìnkùlé ni mo sọ di ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, páànù lásán ló wà lórí ẹ̀, tó bá ti di aago méjì ọ̀sán òógùn á máa kán sórí pákó tí mò ń fi pẹ́ńsùlù sàmì sí. Owó éésì ò sí. Ṣé fáànù onídùúró ni kí n rà àbí ńlá onírin yẹn?

— Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Fáànù kì í mú afẹ́fẹ́ tutù, ooru páànù yẹn náà ló máa fẹ́ sí yín lára. Ẹ kan sílíǹ ná, kódà kẹ́ ẹ fi pílíwúùdù tó ṣẹ́kù ṣe é, kẹ́ ẹ wá ṣí fèrèsé méjì tó kọjú síra.

— Ẹ má ra fáànù olómi o! Èmi rà á, ìgbà ọyẹ́ nìkan ló wúlò torí afẹ́fẹ́ gbẹ, nígbà òjò ṣe ni ibi gbogbo ń rin, pákó mi wú, owó ti lọ.

— Onírin ni kẹ́ ẹ rà, ẹ kọjú ẹ̀ síta kó máa kó eruku pákó jáde. Ẹ wo wáàtì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, pàápàá tó bá jẹ́ jẹ́nẹ́ kékeré lẹ ní. Ìta sì ni kí jẹ́nẹ́ wà o, májèlé inú èéfín ẹ̀ ò ní òórùn.

— Ẹ ṣé gan-an. Pílíwúùdù wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, Sátidé ni mo máa gun àkàbà.