Ọjọ́ tí mo mú Sùúrù lọ gbọ́ ìwé kíkà

Ajá ìbílẹ̀ ni Sùúrù, irú èyí tí àwọn ará àdúgbò wa ní Mọ́kọ́lá máa ń pè ní Bíńgò, kì í ṣe ajá òyìnbó onírun gígùn. Ó ti lé ní ọdún márùn-ún tí ó ti ń ṣọ́lé fún mi kí àbúrò mi obìnrin, tí ó jẹ́ dókítà ẹranko, tó sọ fún mi pé láti ọdún 1999 ni wọ́n ti dá ètò kan sílẹ̀ ní ìlú Salt Lake City ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ tí ìwé kíkà nira fún ti ń jókòó ti ajá tí wọ́n sì ń kàwé sí i létí. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rántí pé ajá kì í sọ fún ọmọ pé ó ti ṣì í kà, kì í sì í sín in jẹ.

Oṣù méjì gbáko ni ó gbà wá kí ilé-ìwé kan ní ìhà Bódìjà tó gbà fún wa. Ọ̀gá ilé-ìwé náà, ìyá kan tí kì í bá ènìyàn ṣàwàdà, fẹ́ mọ ẹni tí yóò dáhùn bí ajá bá gé ọmọ ọlọ́mọ jẹ. N kò bá a jiyàn, nítorí nínú ènìyàn 100 tí àrùn dìgbòlugi bá mú, bí 99 ló jẹ́ pé ara ajá ni wọ́n ti kó o, bí àmì rẹ̀ bá sì ti yọ lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni náà tó yè é. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára tí Sùúrù ń gbà lọ́dọọdún ni a gbé síwájú rẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, àbúrò mi ti dán ajá náà wò: ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ìdérí ìkòkò já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó fà á létí, ó sì ní kí ọmọ mi máa fi ọ̀pá tilẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, bí a ti wọ kíláàsì ni ó ju ìdajì àwọn ọmọ lọ tí ó gun orí tábìlì. Ajá tí púpọ̀ nínú wọn mọ̀ ni èyí tí ń gbó lẹ́yìn géètì. Àṣìṣe tèmi ni, nítorí àárín kíláàsì gan-an ni mo mú un lọ, tí ọmọbìnrin kan sì bú sẹ́kún. Àbúrò mi gba okùn lọ́wọ́ mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí àwọn ni kí wọ́n wá bá a.” Ó mú Sùúrù dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ mẹ́ta péré ló wá lọ́jọ́ náà.

Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn tí ó máa ń kólòlò. Ó dúró pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan, Sùúrù mí kanlẹ̀, ó gbé àgbọ̀n lé e lẹ́sẹ̀, ó sì dijú. Ọmọ náà wò mí, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ti sùn, kò gbọ́ ibi tó dùn. Ẹ jẹ́ kí n tún un kà.”

Ní ilé àwọn arúgbó tí a tún lọ, Alhaja kan ní òun ti ṣe àlùwàlá, itọ́ ajá kò sì gbọdọ̀ kan aṣọ tí òun fi ń kírun. A tọrọ gáfárà, a yà sí òdìkejì ọgbà. Kò pẹ́ tí ó fi rán nọ́ọ̀sì sí wa pé kí ó béèrè bóyá ajá náà ti jẹun.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo tó mọ ohun tí yíyán ajá ń wí. Bí ó bá ń yán, tí ó ń fi ahọ́n lá imú, tí ó sì ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kì í ṣe oorun ló ń kùn ún, ó ti sú u ni. Mo dìde kí wákàtí kan tó pé. Ọmọkùnrin náà fi ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan ṣe àmì sínú ìwé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ Sùúrù létí, ó ní, “A ó... a ó... a ó bẹ̀rẹ̀ níbí ní Ọjọ́bọ̀.”