Àbọ̀ ọ̀rọ̀ gáìdì ímpláǹtì tó ń mì: ó ti jókòó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Èmi ni mo béèrè láti Ògbómọ̀ṣọ́ nípa gáìdì (ìbòrí eyín oníhò tó ń darí díríìlì tí a fi ń lu egungun) tí mo fi píríńtà 3D tẹ̀ fún màmá kan tí a fẹ́ fi ímpláǹtì (gbòǹgbò àtọwọ́dá tí a ń rì sínú egungun kí a lè gbé eyín lé e) sí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ wọn, tó ń mì jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́ lórí eyín.

Ẹni tó ní kí n má gbára lé àwòrán CBCT (X-ray 3D) nìkan ló gbà mí. Irin tí wọ́n fi dí eyín méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló ń tàn yòò nínú àwòrán, tó sì ba ojú eyín jẹ́. Mo gba bátànì eyín wọn, mo da POP, mo scan rẹ̀, mo wá fi bá ti CBCT mu lórí kọ̀ǹpútà. Gáìdì tuntun wọlé, ó dún pó, kò mì mọ́. Mìlímítà 2 ni mo fi sílẹ̀ láàárín ìdí ímpláǹtì àti iṣan ìmọ̀lára inú àgbọ̀n. X-ray tí a yà lẹ́yìn iṣẹ́ fi hàn pé ímpláǹtì kò kan iṣan náà.

Fèrèsé (ihò kékeré tí a fi ń wo eyín lábẹ́ rẹ̀) tí ẹ ní kí n gé sára gáìdì kò dá mímì náà dúró, àmọ́ òun ló jẹ́ kí n fojú rí i pé ó jókòó délẹ̀. Ẹ máa gé e.

Ó ku ẹyọ kan. Ẹnu màmá kò là tó, díríìlì gígùn kò ráyè wọlé lórí gáìdì. Kúkúrú ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo yọ gáìdì, mo fọwọ́ parí ìyókù, ẹ̀rù sì bà mí gidigidi. Ẹni tó bá mọ ọgbọ́n rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, mo ń retí.

A ó dúró tó oṣù 3 kí egungun dì mọ́ ọn, kí a tó gbé eyín lé e. Ẹ ṣeun.