Mo pààrọ̀ sprocket, máṣíìnì mi ò gun òkè mọ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlọrin ni mo ti ń fi máṣíìnì gbérò. Eyín 14 ni sprocket iwájú (irin eléyín tí ṣéènì ń kọ́ lé) tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá mi ṣe é fi eléyín 16 sí i, ó ní á máa sáré, lóòótọ́ ó ń sáré, àmọ́ tí mo bá gbé èrò méjì dé òkè báyìí, àfi kí n já a sí jíà kìíní, ńṣe lá máa gbọ̀n gìrìgìrì. Kí ló fà á?

Ọmọ Ọ̀ffà: Àbúrò, ka eyín tẹ̀yìn.

Oníbéèrè: 42 ni sà.

Ọmọ Ọ̀ffà: Ẹ̀n ẹ́n. 14 yẹn á yí ẹ̀ẹ̀mẹta kí táyà tó yí ẹ̀ẹ̀kan, ìyẹn ló ń fún un lágbára. Pẹ̀lú 16, kò pé ẹ̀ẹ̀mẹta mọ́, bíi 2.6 ni, eré tó o rí yẹn, ara agbára lo ti yọ ọ́. Jíà kìíní náà, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, kékeré ló ń yí ńlá. Dá 14 ẹ padà jàre.

Màmá Bàsírà: Kó má sì fi ṣéènì tó ti fà sórí sprocket tuntun o, eyín ẹ̀ á tètè jẹ.

Oníbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Owó mi ṣá!